Kelepi, Ìyá Ọkùnrin Feleti

Lọ́jọ́ Túsìdé, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 2014, dọ́là mẹ́rin àti ọgọ́rin sẹ́ǹtì ni wọ́n ń ta róòlù téèpù kan ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní St Marys, ní Sydney. Kelepi ra mẹ́wàá. Kì í ṣe òun ló yẹ kó rà á, ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n téèpù tí ẹgbẹ́ ń rà kì í lẹ̀ mọ́ awọ dáadáa tí òógùn bá ti mú un, ara Kelepi ò sì gbà á kó fi nǹkan tí kò lẹ̀ di ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Iṣẹ́ tó ń gbowó oṣù lé lórí wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Erskine Park. Ọkọ̀ kékeré tó ń gbé àpótí sókè, tó ń tò wọ́n lórí ara wọn, ló ń wà níbẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ló ń wọlé, aago méjì ọ̀sán ló ń jáde. Tó bá ti jáde, ó di pápá. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, àwọn tó ń gbá rọ́gbì oní-mẹ́tàlá fún ẹgbẹ́ wa. Òun ló ń di ẹsẹ̀ wọn, òun ló ń wọ aṣọ yẹ́lò tó ń sáré wọ pápá pẹ̀lú omi àti báàgì tí ẹnì kan bá ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹni tó fara pa, ó sì yege lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn ọmọ yìí, bí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lónìí, ìlú yòówù tí ẹgbẹ́ àwọn àgbà bá fẹ́ lọ gbá ni wọ́n máa lọ, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n máa bá pàdé, ṣùgbọ́n àwọn ló ń kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ara gbára, àwọn èrò ṣì ń wá ìjókòó, wọ́n ṣì ń to orí ìlà láti ra mítípáì. Owó tí wọ́n ń san fún wọn kò tó gbé ilé. Òfin sì ni pé kí olúkúlùkù wọn máa kọ́ iṣẹ́ tàbí kó máa lọ sí ilé ìwé lójú ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá ṣe ìdánrawò.

Tábìlì gígùn kan wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gun orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí Kelepi di ẹsẹ̀ wọn.

"Bàbá Kel, ẹ rọra, irun ẹsẹ̀ mi lẹ fà yẹn." Jarrod ló sọ bẹ́ẹ̀, kápútéènì wọn, ọmọ òyìnbó kan tí bàbá rẹ̀ ń tún òrùlé ṣe.

"Irun wo? Ẹsẹ̀ tó ń dán bí ẹja yìí?"

"Ẹ wo orí yín nínú dígí kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ irun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orí Kelepi pá, láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Feleti gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. "Kò sẹ́ni tó láṣẹ láti bú orí ìyá mi ọkùnrin àfi èmi," ó ní, ó sì fi èjìká ti Jarrod kúrò lórí tábìlì. "Dìde, ó kàn mí."

"Ìwọ lo gbẹ̀yìn lórí ìlà o."

"Mo mọ̀."

Kelepi mú ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Kò sọ pé ó tọ́, kò sọ pé kò tọ́.

Bó ṣe rí nìyẹn láàárín àwa ará Tonga. Arákùnrin ìyá ẹni, ìyá ni òun náà, ìyá ọkùnrin là ń pè é. Obìnrin ga ju arákùnrin rẹ̀ lọ nínú ilé bàbá wọn, ọmọ tí obìnrin náà bá bí sì ga bí ìyá rẹ̀ ṣe ga. Ohun tí ọmọ náà bá bèèrè lọ́wọ́ arákùnrin ìyá rẹ̀, ó di dandan kó fún un. Ó lè mú ẹran nínú àwo rẹ̀. Ó lè wa mọ́tò rẹ̀ lọ, kó dá a padà lọ́jọ́ tó bá wù ú. A ò kọ́ ọ níbì kankan, a bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Meliame, ìyá Feleti, ni ẹ̀gbọ́n Kelepi. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí, ní erékùṣù kékeré kan ní Ha'apai, ní Tonga. Nígbà tí ìyá yẹn kú, Kelepi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, Meliame ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń bu oúnjẹ fún un. Nígbà tí Meliame dé Sydney tó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn, òun ló tún ránṣẹ́ pè é. Nítorí náà, tí ẹ bá rí Kelepi tó ń fún ọmọ Meliame ní nǹkan, kì í ṣe pé wọ́n fipá mú un. Ojú rẹ̀ máa ń dùn.

Vika ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a jà. Lọ́jọ́ kan ó ń wá bàtà aláwọ dúdú tí Kelepi rà fún àpérò ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàtà yẹn dà?"

"Feleti ní òun nílò rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ Feleti tóbi ju tìẹ lọ."

"Ó ní òun máa gé iwájú ẹ̀."

Vika jókòó, ó wò ó títí. "Lọ́jọ́ tó bá bèèrè ìyàwó ńkọ́?"

"Kò lè bèèrè ẹ. Ó mọ̀ pé o máa ń hanrun."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Feleti lọ́dún yẹn. Ó ga, ó fẹ̀ láyà, ó ń kọ́ iṣẹ́ púlọ́ńbà lójú ọ̀sán. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Orúnkún Meliame ti ń dùn ún, kò lè kúnlẹ̀ nulẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ń lọ síbi iṣẹ́. Nínú oṣù Kọkànlá ni Feleti máa pé ogún ọdún, tó bá sì ti pé e, kò lè padà sínú ìdíje yìí mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé lẹ́yìn ìdíje, ẹgbẹ́ àwọn àgbà máa mú ọmọ méjì péré, wọ́n á fún wọn ní ìwé àdéhùn ọdún méjì. Àwọn yòókù á lọ máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ohun tí Feleti ń lé nìyẹn. Ó ní tọ́wọ́ òun bá tẹ̀ ẹ́, ìyá òun ò ní nu ilẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn ọmọ náà fi ìfìdírẹmi bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n pàdánù rẹ̀ pátá. Kóòṣì wá mú Feleti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó fi í sáàárín, níbi tí àwọn tó wúwo ti ń kọlu ara wọn. Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Nígbà tí òtútù mú dáadáa, tí wọ́n ti ń tan iná pápá láago márùn-ún, ẹgbẹ́ wa ti bọ́ sí ipò karùn-ún. Àwọn tí kì í tètè dé pápá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé láti wo Feleti.

Ní Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje, orí pápá wa ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀gá tó ń yan ẹgbẹ́ àwọn àgbà jókòó sókè, ó wọ kóòtù dúdú, gbogbo àwọn ọmọ ló sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Apá kejì ò tíì lọ jìnnà nígbà tí Feleti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ọkùnrin kan tó ń bọ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Orí rẹ̀ bọ́ síbi tí kò yẹ, orúnkún ọkùnrin náà sì gbá a lẹ́bàá etí. Ó ṣubú ní ìdojúbolẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan nà síwájú bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Òfin tuntun kan ti dé lọ́dún yẹn. Tí aláṣọ yẹ́lò bá rí i pé orí ọmọ kan ti gbá nǹkan, tí ojú rẹ̀ ò sì wálẹ̀, ó gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sókè. Ọmọ náà á jáde lọ bá dókítà, dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá yege, ó tán fún un lọ́jọ́ yẹn, ó sì lè tán fún un fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kelepi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Feleti. Pápá wo la wà yìí?"

Ọmọ náà lajú, ó ń wo òkè.

"Ta la bá gbá a lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Ó jọ pé òjò máa rọ̀," Feleti ní. Oòrùn wà lójú ọ̀run, kò sí ìkùukùu kan.

Ọwọ́ Kelepi ti kúrò nílẹ̀, ó ti ń lọ sókè. Feleti dì í mú ní ọrùn ọwọ́. Ó wá sọ èdè wa, kí àwọn tó kù má bàa gbọ́.

"Ìyá mi ọkùnrin. Ẹ má nawọ́."

"Feleti."

"Mo ń bèèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ má nawọ́."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn, kò tíì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Kelepi kó má rí i gbà. Kelepi sọ fún mi pé òun ò ronú kankan. Ó ní ọwọ́ òun kàn sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ní kéèyàn gbé àwo fún àlejò. Ó da omi sí Feleti lọ́rùn, ó tẹ ẹ̀rọ tó fi ń bá àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá sọ̀rọ̀, ó ní, "Èémí ló gé e. Ó ti dára."

Feleti dìde, ó ṣe é dópin. Ó tiẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àwọn alátakò lẹ́ẹ̀kan, èrò pariwo. Nígbà tó parí, ọ̀gá àwọn àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Inú mọ́tò Kelepi ni Feleti ti bì nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. Ó ní, "Ṣé a borí?"

"A borí."

Wọn ò tíì dé iná ojú pópó tó tẹ̀lé e tó fi tún ní, "Ṣé a borí?"

"A borí, Feleti."

Nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, Kelepi dá mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Jẹ́ ká lọ bá dókítà," ó ní.

"Ẹ ti fún mi ná. Ẹ kì í gba nǹkan padà."

"Orí ẹ ni à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Ó fi fìlà bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀. "Bàtà yín gan-an ò tíì padà dé ọwọ́ yín, ẹ ẹ̀ sì tíì bínú."

Ní Tọ́sìdé, lásìkò ìdánrawò, Dókítà Hollis, dókítà ẹgbẹ́ wa, bi Kelepi léèrè. Obìnrin tí kì í pariwo ni, ó máa ń wá pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó ní, "Feleti ńkọ́? Mo rí i pé ó ṣubú gan-an ní Sọ́ńdè."

"Ara rẹ̀ le," Kelepi ní.

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ìlú àwọn ẹlòmíì ni wọ́n lọ. Ní apá kìíní, Feleti ò rí bí i ti tẹ́lẹ̀, ó ń pẹ́ kó tó dìde. Lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti pààrọ̀ apá, tí wọ́n tò láti bẹ̀rẹ̀, Feleti rìn lọ sápá kejì, ó sì dúró sáàárín àwọn alátakò. Ó dúró dáadáa, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ń retí bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wọn gbá a léjìká, ó ní, "Ṣé o ti darapọ̀ mọ́ wa ni?" Gbogbo àwọn tó ti jókòó bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣeré. Jarrod ló sáré lọ fà á láṣọ wálé. Jarrod náà ń rẹ́rìn-ín.

Kelepi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú ìgò omi. Ó rí ojú Feleti nígbà tí wọ́n ń fà á bọ̀. Ojú ọmọ tó sọ nù lọ́jà ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Vika ní Kelepi kì í jẹun. Kò lè bá dókítà sọ̀rọ̀, torí ohun téèyàn bá ti fún ọmọ arábìnrin rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ láti gbà. Kò sì lè bá Meliame sọ ọ́. Meliame máa bi Feleti, Feleti á ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ó ronú títí ó fi rántí pé Feleti náà ní ẹni tí kò lè kọ̀ fún.

Seini ni, ẹ̀gbọ́n obìnrin fún bàbá Feleti, ọkùnrin tó ti kú yẹn. Nínú ilé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni obìnrin ló ga jù. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ jókòó nígbà tó bá dúró. Tó bá ní kó lọ sọ́tùn-ún, ọ̀tún ló ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, Kelepi so ẹní mọ́ ìbàdí, bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ga, ó gbé gbòǹgbò kava kan tó dára, èyí tí a máa ń gún pò mu, ó lọ sílé Seini tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Seini ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ kọ́wáyà. Ó wo ẹní tó wà ní ìbàdí rẹ̀, ó wo gbòǹgbò, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"O wá wọṣọ báyìí wá sílé mi ní Sátidé. Jókòó sórí àga."

"Ilẹ̀ yìí tó mi."

Ó jókòó sílẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí orúnkún tó gbá ọmọ náà títí dórí apá pápá tó ṣì rìn lọ. Seini kò dá sí i títí ó fi parí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo purọ́ fún wọn?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"O ṣì fẹ́ kí n bá ẹ purọ́ kẹta ni?"

"Rárá. Mo fẹ́ kí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò lè gbà á. Ẹ̀yin lè gbà á."

Seini pa iná áyọ́ọ̀nù. "O mọ ohun tó máa dà? Wọ́n máa lé ẹ. Meliame ò ní kí ẹ mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ìwé àdéhùn tí ọmọ ń sọ káàkiri ńkọ́?"

"Ó máa lọ."

Seini ká aṣọ kọ́wáyà náà, ó gbé e sórí àga. Lẹ́yìn náà ó ní, "Aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀?"

"Méjìlá kọjá díẹ̀."

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Nígbà tí pásítọ̀ bá wà lórí pẹpẹ." Òun ló ń ṣáájú ohùn kejì nínú kọ́wáyà wa. Mi ò rántí Sọ́ńdè tí kò wá, àyàfi ìgbà tó lọ sin àbúrò rẹ̀ ní Tonga. "Wá gbé mi láago mẹ́wàá. Má jẹ́ kí n máa dúró dè ẹ́ lẹ́nu géètì."

Lọ́jọ́ kejì, ní pápá wa, ẹ̀ṣọ́ ò fẹ́ jẹ́ kí Seini wọ abẹ́ ilé tí àwọn ọmọ ń gbà jáde. Kelepi ní ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni, ó wá gbàdúrà. Ẹ̀ṣọ́ wo aṣọ dúdú, ó wo ẹní, ó wo ìwé orin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yà fún un.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Seini dúró sí. Àwọn ọmọ ń bọ̀ lórí ìlà, bàtà wọn ń dún lórí simẹ́ńtì. Jarrod ló wà níwájú, Feleti ló tẹ̀lé e. Bí Feleti ṣe rí i, ó tẹ orí ba, ó sì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí."

"Ta lẹ fẹ́ bá gbá a lónìí?"

Feleti la ẹnu. Ó wo Jarrod. Jarrod ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìbéèrè ni, ó ti fẹ́ sọ nǹkan sí i létí.

"Ìwọ ọmọ yìí, mi ò bi ẹ́," Seini ní. Jarrod pa ẹnu dé.

"Bọ́ aṣọ yẹn, Feleti."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin tó fẹ́ mú wa wà lókè, ó wá torí…"

"Mo ní kí o bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí simẹ́ńtì tútù níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, láìwọ nǹkan sáyà. Seini ká aṣọ náà, ó fi í sábẹ́ ìwé orin.

Kóòṣì ti dé. "Kelepi, ta nìyí? Kí ló ń ṣe níbí? Dìde, ọmọdé, a ti fẹ́ jáde."

Feleti ò dìde.

"Ẹ bá mi pe dókítà," Kelepi ní.

Ó rò ó fún Dókítà Hollis lójú gbogbo wọn, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó tan iná kékeré sí Feleti lójú, ó bi í ní ìbéèrè. Nígbà tó dìde, ó kọjú sí Kelepi.

"Mo bi yín ní Tọ́sìdé yẹn."

"Ẹ bi mí."

"Ẹ ní ó dá yín lójú."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Kelepi bọ́ aṣọ yẹ́lò, ó wọ yàrá lọ gbé e sórí tábìlì tó ti ń di ẹsẹ̀ wọn. Kò tíì sẹ́ni tó ní kó bọ́ ọ.

Ilé ìwòsàn ya àwòrán orí Feleti. Ẹ̀jẹ̀ ti jò díẹ̀ sábẹ́ agbárí rẹ̀. Wọ́n ní kò ní gba iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní yóò gbẹ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù yẹn mọ́ láyé rẹ̀. Meliame bi wọ́n pé ká ní ó wọ pápá lọ́jọ́ yẹn ńkọ́. Dókítà tó wà níbẹ̀ wo àwòrán yẹn, ó ní kí wọ́n dúpẹ́ pé kò wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, Meliame pe Kelepi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Vika gbọ́ ọ, ó ní kò pariwo rárá. Ó ní, "O fún un ní ohun tó bèèrè. Lẹ́yìn náà o lọ mú obìnrin ilé bàbá rẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ìwọ tí mo fọwọ́ mi wẹ̀." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Meliame kó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ sí apá ọ̀tún. Vika fi ewé kókò di ẹran àgùntàn àti omi àgbọn, ó gbé e lọ fún un, oúnjẹ náà padà wá bó ṣe lọ, wọn ò tú u wò. Níbi tí àwa ọkùnrin ti ń mu kava lọ́jọ́ Fúráìdé, àwọn kan ní Kelepi ì bá ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Àwọn kan ní ó tiẹ̀ pẹ́ jù. Kò jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Tí ife bá yí kàn án, ó ń gbà á, ó ń mu ún, ó ń dá a padà.

Àwọn ọmọ yẹn bá a dé ìpele ìkẹyìn láìsí Feleti, wọ́n sì fi àmì méjì pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn àgbà mú Jarrod àti ọmọ Samoa kan. Feleti wà nínú yàrá tí wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé rẹ̀, ó ń wọ dígí dúdú.

A ní bí a ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá ga juni lọ. Ẹní ńlá tó ti ya là ń wé mọ́ ara. Ewé igi kan là ń fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, a ó sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé onítọ̀hún, a ó doríkodò, títí ẹnì kan á fi jáde. Ó lè jáde kíá, ó lè má jáde lọ́jọ́ náà. Igi yẹn kì í hù ní Sydney. Ewé ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni Kelepi fi ṣe tirẹ̀.

Èmi ni mo bá a fi mọ́tò gbé ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti sun, gbòǹgbò kava, àti ẹní funfun tí ìyá Vika hun. A tò wọ́n síwájú ilé Meliame. Kelepi jókòó sórí koríko tó tutù. Àwọn aládùúgbò òyìnbó méjì dúró sẹ́nu géètì wọn, wọ́n ń wò.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Meliame wá dúró sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì ilẹ̀kùn. Kò ṣí i.

Kelepi ò gbé orí sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn èèyàn ń sọ pé nítorí ohun tí mo gbà lọ́wọ́ Feleti ni mo ṣe wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọjọ́ yẹn bá tún padà dé, màá tún lọ bá Seini. Nítorí ohun tí mo fún un ni mo ṣe wá. Ó bèèrè nígbà tí kò mọ ibi tó wà. Èmi mọ ibi tí a wà, mo sì fún un."

Feleti ló jáde, láti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri bọ̀ pẹ̀lú dígí dúdú lójú. Ó bá a jókòó sórí koríko.

"Ìyá mi ọkùnrin, ilẹ̀ yìí tutù o."

"Ó tutù."

Ó bọ́ ewé náà lọ́rùn rẹ̀. Ó ṣe é díẹ̀díẹ̀, torí ojú rẹ̀ ò tíì gún dáadáa. Nígbà yẹn ni Meliame ṣí nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ gbé ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kúrò nínú oòrùn," ó ní, "kí eṣinṣin tó jẹ ẹ́ tán."

Ẹlẹ́dẹ̀ kan, gbòǹgbò kava kan, ẹní funfun kan, àti ọ̀rọ̀ tó sọ lójú gbogbo wa yẹn, ohun tí Kelepi fi san gbèsè náà nìyẹn, ní Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.